Lọ́yà tó ka ìwé mi kó tó gbọ́ ìbéèrè mi

Ìbéèrè mọ́kànlá ni mo kọ sínú ìwé pélébé kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ. Mo fún wọn ní nọ́ńbà, mo fa ìlà sábẹ́ mẹ́ta tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Nígbà tí ìjókòó mẹ́ta tí mo sanwó fún máa fi parí, márùn-ún péré la fọwọ́ bà. Síbẹ̀ mi ò bínú (àfi díẹ̀, màá dé orí ìyẹn). Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́yà náà rí ìbéèrè kejìlá nínú ìwé tí èmi fúnra mi buwọ́ lù, mi ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá.

Apò awọ ni mò ń rán. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, tábìlì kan tí a fi ń gé awọ, èèyàn mẹ́rin, èmi ni mo ṣe ìkarùn-ún. Ọdún keje tí mo bẹ̀rẹ̀ rèé. Fún mẹ́fà nínú rẹ̀, mo rò pé ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán lèèyàn ń wá lọ́yà, bí ìgbà téèyàn bá ń sáré pe panápaná. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń lò.

Kí n má purọ́ mọ́ fọ́ọ̀mù yẹn. Iléeṣẹ́ kan ló ń tà wọ́n: ẹ ó kọ orúkọ yín sí àlàfo, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ìwé á jáde. Èyí tí mò ń fún oníbàárà tó bá fẹ́ kí n rán àkànṣe apò fún òun dáa gan-an, mo ṣì ń lò ó dòní: iye apò, àwọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tó máa jáde, ìdajì owó ṣáájú. Èyí tó dójú tì mí ni àdéhùn tí èmi àti ṣọ́ọ̀bù kan tó ń bá mi ta apò jọ ṣe. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni. Èmi àti oníṣọ́ọ̀bù ò kà kọjá ìkẹta, ibi tí iye owó wà. Lójú ewé kẹjọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìjà bá dé láàárín wa, òfin Delaware la máa fi parí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan ni Delaware ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì ńlá wọn ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò débẹ̀ rí. Oníṣọ́ọ̀bù ò débẹ̀ rí. Màlúù tí wọ́n bó awọ rẹ̀ pàápàá ò débẹ̀ rí. Nígbà tí lọ́yà náà ka ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló fi tún un ṣe.

Ètò tí ọ́fíìsì rẹ̀ ń ṣe fún oníṣòwò kéékèèké ò le láti lóye. Ìjókòó mẹ́ta, wákàtí kọ̀ọ̀kan, owó kan náà fún gbogbo rẹ̀. Nínú ìṣirò tèmi, owó náà ò ju iye tí mo fi ń ra awọ apò mẹ́fà lọ. Àmọ́ dandan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbogbo ìwé tí ẹ ti buwọ́ lù ránṣẹ́: ti ilé, ti òṣìṣẹ́, ti ẹni tó ń tajà fún yín, ti ẹ̀yáwó. Gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n tẹnu mọ́ ọn. Mo fi fóònù ya fọ́tò wọn lọ́sàn-án kan tí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé wọn dá a padà fún mi. Ẹ̀ẹ̀kejì, ohun tó kọ ni pé, "Àtàǹpàkò yín bo déètì." Inú bí mi nígbà yẹn. Ní báyìí, mo mọ̀ pé akọ̀wé yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jèrè owó tí mo san.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó, mo yọ ìbéèrè mọ́kànlá mi síta. Lọ́yà náà rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àbúrò mi ló rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ẹ" la jọ ń bá ara wa lò lójúkojú. Ó tẹ́ ìwé ilé ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sórí tábìlì, ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó mú bírò pupa.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló buwọ́ lu ibí?"

"Èmi ni."

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

"Olùdarí, pẹ̀lú orúkọ kọ́ńpìnnì."

"Ibí ńkọ́?" Ó sún bírò náà wá sísàlẹ̀.

"Èmi náà ni."

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ ìyẹn?"

Mo wò ó. Kò sí olùdarí níbẹ̀, kò sí kọ́ńpìnnì. Orúkọ mi ni, àti àdírẹ́sì. Kì í sì í ṣe àdírẹ́sì ibi iṣẹ́, ti ilé tí mò ń sùn ni. Ó fi bírò pupa yí àdírẹ́sì náà ká lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan.

Mo rántí ọjọ́ tí mo buwọ́ lù ú. Ọmọkùnrin tó gbé ìwé náà wá ní kí n fọwọ́ sí ibi tí òun fi pẹ́ńsùlù sàmì sí, mo sì ń fọwọ́ sí i bí ẹni tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ onímọ́tò. Ibi kejì tí mo fọwọ́ sí yẹn, onídùúró ni mo sọ ara mi dà. Bí kọ́ńpìnnì ò bá rí owó ilé san, èmi fúnra mi ni wọ́n máa wá bá, nínú ilé mi, lórí ohun tí mo ní.

Ìtàn tó wá sọ láti fi ṣàlàyé rẹ̀, mi ò rò pé màá gbádùn rẹ̀, àmọ́ mo gbádùn ẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní London tó ń jẹ́ Aron Salomon. Bàtà awọ ló ń ṣe. (Oníṣẹ́ awọ ẹgbẹ́ mi! Etí mi là lójijì.) Lọ́dún 1892, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Òfin ìgbà yẹn fẹ́ èèyàn méje, ló bá fi ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn márùn-ún pé iye. Ìpín ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìyàwó àtàwọn ọmọ mú, ìpín 20,001 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi dojú dé. Ẹni tí wọ́n yàn kó palẹ̀ kọ́ńpìnnì náà mọ́ ní gbèsè tó wà nílẹ̀, Salomon ni kó san án, ṣebí òun náà ni kọ́ńpìnnì, ta ló ń tàn jẹ? Ilé ẹjọ́ méjì àkọ́kọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹjọ́ dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ní rárá: kọ́ńpìnnì lọ́tọ̀, Salomon lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Inú àkójọ ìdájọ́ ọdún 1897 ni ẹjọ́ náà wà, àwọn lọ́yà ò sì yéé tọ́ka sí i láti ìgbà náà. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Kọ́ńpìnnì ni ìka tó ṣẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ti ní kọ́ńpìnnì," ó ní, "ògiri ti wà láàárín yín àti gbèsè rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ohun táwọn àgbà sọ: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìbuwọ́lùwé kejì yìí ni ẹnu ògiri tiyín."

Ó fi kún un pé onílé ò kàn ṣàdédé wá ìbuwọ́lùwé kejì. Láti 1677 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó bá ní òun máa san gbèsè ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò lè dè é níwájú adájọ́ àfi tó bá wà nínú ìwé, tó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó mú òfin wọn láti ibẹ̀ ló ṣì ń lo nǹkan tó jọ ọ́. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ bá ti rí orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì lójú ewé kan náà, ẹ bi wọ́n ní ìdí.

Wákàtí àkọ́kọ́ nìyẹn tán. Mo mú ìbéèrè mọ́kànlá mi, mo lọ sílé.

Ìjókòó kejì ló tó kan àwọn ìbéèrè tèmi. Èyí tí mo bẹ̀rù jù nípa ọ̀rẹ́ mi kan ni. Àwa méjèèjì la jọ ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ṣáájú kí n tó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. A ò kọ ìwé kankan. Ogún ọmọdé ò lè ṣeré fún ogún ọdún. Tiwa ò tó méjì. Ó lọ ṣe nǹkan míì, a ò jà. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá wá ń tà dáadáa, ṣé ó lè padà wá béèrè ìpín? Lọ́yà ní ó ṣeé ṣe. Lábẹ́ òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1890, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ míì sì wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, bí èèyàn méjì bá jọ ń ṣòwò nítorí èrè, alájọṣe ni wọ́n, wọn ì báà kọ ìwé tàbí kí wọ́n má kọ. Bí wọn ò bá sì ṣàdéhùn míì, ọgbọọgba ni èrè. Òfin ò bìkítà pé èmi ni mò ń sùn sídìí ẹ̀rọ. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ: gbèsè tí ọ̀kan bá jẹ lórúkọ òwò náà, ọrùn èkejì náà ló wà.

Ó kọ ìwé ojú ewé kan fún mi, èdè rẹ̀ ò díjú, pé àjọṣe wa parí lọ́dún báyìí, pé kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì. Mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé mo fẹ́ wá gba ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń dá lójoojúmọ́ ni?" Ó fọwọ́ sí i.

Lórí orúkọ iṣẹ́ mi, mo ti forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, mo sì rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán. Ìwé tó sọ pé kọ́ńpìnnì wà yàtọ̀ sí ìwé tó sọ pé orúkọ ọjà jẹ́ tiyín. Èyí ẹ̀yìn yìí, ibi iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àmì ọjà lẹ ti máa gbà á, wọ́n á sì ní kí ẹ sọ irú ọjà tí ẹ fẹ́ fi orúkọ náà bò. Ìsọ̀rí 45 ló wà, láti inú àdéhùn kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Nice nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1957: 34 fún ọjà, 11 fún iṣẹ́ tí a ń bá èèyàn ṣe. Apò awọ àti pọ́ọ̀sì wà ní ìsọ̀rí 18. Bẹ́líìtì tí mò ń fi awọ tó ṣẹ́ kù ṣe, ìsọ̀rí 25 ló wà, pẹ̀lú aṣọ. Àpò fóònù tó ń tà jù lọ́wọ́ mi, ìsọ̀rí 9 ló bọ́ sí, lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà àti rédíò! Awọ kan náà, ọ̀bẹ kan náà, ìsọ̀rí mẹ́ta. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi kún owó tí ẹ máa san. Apò àti àpò fóònù la mú, a fi bẹ́líìtì sílẹ̀ ná. Inú ilẹ̀ tí ẹ bá ti forúkọ náà sílẹ̀ nìkan ni ààbò rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, ètò Madrid wà lọ́wọ́ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ orí àmì ọjà àti iṣẹ́ ọpọlọ, ní Geneva, tí ìwé kan ṣoṣo fi lè béèrè fún ilẹ̀ púpọ̀. Ìyẹn kì í ṣe tèmi báyìí.

Lógò mi ńkọ́? Ọmọ kan tó mọ àwòrán yà ló yà á, mo sanwó, ó fi ránṣẹ́. Mo gbà pé mo ti rà á. Ní ibi púpọ̀, ẹni tó yàwòrán ló ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ òṣìṣẹ́ yín, títí tó fi máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Owó tí mo san, àyè láti lò ó ni mo fi rà. Ìlà mẹ́rin la fi yanjú èyí. Kí ẹ gbà á lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sanwó ló dáa jù, nígbà tí inú olúkúlùkù ṣì ń dùn.

Ẹni tó ń bá mi gé awọ, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì pè é ní agbaṣẹ́ṣe. Lọ́yà ò ka fọ́ọ̀mù náà pàápàá, ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Ta ló ni ọ̀bẹ? Èmi. Ta ló ń sọ ìgbà tó máa dé? Èmi, aago mẹ́jọ. Ṣé ó lè rán ẹlòmíì wá dípò ara rẹ̀? Rárá o, ọwọ́ tirẹ̀ ni mo fẹ́. Bí apò ò bá tà, ṣé òun náà ń pàdánù? Rárá. Ó dákẹ́, ó ń wò mí, èmi náà dákẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá irú ẹjọ́ yìí láàárín Uber àti àwọn awakọ̀ rẹ̀. Ìwé àdéhùn ní wọ́n ń dá ṣiṣẹ́ fún ara wọn ni. Gbogbo adájọ́ fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó ń pàṣẹ ni kí a wò, pé iye owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin àti ìsinmi tí a ń sanwó rẹ̀ tọ́ sí wọn. Ẹni tó ń gé awọ mi ti di òṣìṣẹ́ báyìí. Ó ná mi lówó. Mi ò lè sọ pé kò ná mi.

Ìpolówó mi náà kàn díẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síta pé "bí okùn apò wa bá já, ẹ wá gba tuntun." Mi ò sọ iye ọdún, mi ò sọ bí ó ṣe já. Lọ́yà ní kí n lọ bi ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù èéfín (ohun tí wọ́n ń fà símú kí àìsàn má bàa mú wọn) ní London, tó polówó pé òun máa fún ẹni tó bá lò ó bó ṣe yẹ tí àìsàn ọ̀fìnkìn líle ṣì mú un ní £100. Obìnrin kan lò ó, àìsàn náà mú un, wọ́n ní àwàdà làwọn ń ṣe. Lọ́dún 1892, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san án. Mo ti fi "láàárín ọdún méjì" kún tèmi, mo sì yọ okùn tí ajá bá jẹ kúrò. Oníbàárà kan ló kọ́ mi ní ti ajá.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn mí. Mẹ́rin nínú ìbéèrè mọ́kànlá mi dá lórí owó orí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ èkíní, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, akáùntáǹtì lẹ máa bi ní ìyẹn." Ó lè jẹ́ òtítọ́, àmọ́ ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí kí n tó sanwó? Ọ̀rọ̀ owó orí wà lára ohun tí oníṣòwò kékeré ń bẹ̀rù jù, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà pé àwọn ò ṣe é. Méjì míì, ti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tí mò ń kó jọ àti ti onígbèsè kan, àkókò ò tó wọn.

Àkókò ò sì tó nítorí ìtàn. Mo fẹ́ràn Salomon, mo fẹ́ràn obìnrin tó gba £100, ṣùgbọ́n aago ń lọ. Nígbà tí mo bá a lórí fóònù láàárín ìjókòó kejì àti ìkẹta, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì, wọ́n kọ ìṣẹ́jú mẹ́fà sínú ìwé owó mi. Mo pe akọ̀wé. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn lọ́yà ṣe ń kà á, wọ́n pín wákàtí sọ́nà mẹ́wàá, ẹni tó bá sì ti tẹ ọ̀kan ti san án tán. Ó ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù, mo san án, ó ṣì ń dùn mí. Láti ìgbà náà, mo máa ń kó ìbéèrè mẹ́ta jọ kí n tó pè.

Lẹ́tà rẹ̀ náà wúwo. Èyí tó kọ sí onílé mi nígbà tí ó kù oṣù méjì kí ìwé ilé parí, "níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé" mẹ́rin ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, àgbàlagbà ni Bàbá, wọn ò fẹ́ràn ariwo. Kò jiyàn, ó gé e sí ìlà mẹ́fà lójú mi. Àbá rẹ̀ ni pé kí n fi owó ilé oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá bí ìdánilójú, kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Èmi ni mo mú lẹ́tà náà lọ.

Bàbá kà á, wọ́n wò mí lókè awò ojú wọn. "Ṣé lọ́yà lo wá gbà sí mi lọ́rùn ni?"

"Rárá o, Bàbá. Mo kàn fẹ́ kí kọ́ńpìnnì dá gbèsè rẹ̀ rù ni."

Wọ́n ní àwọn máa rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi rò ó. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ìwé tuntun dé, ọmọkùnrin ìjọsí ló tún gbé e wá, ó ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí màá fọwọ́ sí. Mo ní kó jókòó. Mo ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn. Ojú ìbuwọ́lùwé kan ló wà fún mi, "Olùdarí" ló wà lábẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ sì ni wọ́n kọ síbẹ̀.